Kíráàkì, Olówó àti Ọ̀fẹ́: Àkọsílẹ̀ Bí Ṣọ́ọ̀bù Ìtẹ̀wé Kan ní Ilé-Ifẹ̀ Ṣe Yan Office Tó Ń Lò

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń gbà lọ tí wọ́n ń gbà bọ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́ta, ẹ̀rọ fótókọ́pì kan àti jẹnẹrétọ̀ kékeré fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Màmá tó ni ibẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé títẹ̀ láti ayé taípíráítà, ọmọbìnrin méjì sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. Wọ́n gbà kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, torí pé láti Sábó títí dé Mayfair, ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú irú wàhálà yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀ pé inú rẹ̀ làwọn wà.

Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí kò jọ ọ̀rọ̀ Word rárá. Oníbàárà á ki fílaṣì bọ kọ̀ǹpútà, á tẹ ìwé rẹ̀, á lọ. Bó bá délé, gbogbo fódà inú fílaṣì á ti di ṣọ́tíkọ́ọ̀tì tí kò ṣe é lò mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan padà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ pé ibí ni wọ́n ti ba fílaṣì òun jẹ́. Nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó yí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ká. Lẹ́yìn ìyẹn ni Word lórí méjì nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìlà pupa sókè pé láísẹ́ǹsì òun kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Mo tú wọn wò. Office 2010, àkójọ ètò Microsoft tí Word àti Excel wà nínú rẹ̀, ló wà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n sanwó rẹ̀. Ẹnì kan ló bá wọn gbé e sí i nígbà tí wọ́n ra àwọn kọ̀ǹpútà náà, pẹ̀lú irinṣẹ́ kíráàkì tó ń tan Office jẹ pé wọ́n ti sanwó. Kí irinṣẹ́ yẹn tó lè ṣiṣẹ́, ẹni tó gbé e sí i pa antifáírọ́ọ̀sì, ó sì kọ fódà irinṣẹ́ náà mọ́ àwọn ibi tí antifáírọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ yẹ̀ wò. Bí ìgbà tí èèyàn ní kí máígádì lọ sùn kí òun lè fi ayédèrú kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn ni. Olè tó bá tẹ̀lé e wọlé, ta ni yóò rí i? Inú fódà yẹn gan-an ni mo ti bá fáírọ́ọ̀sì tó ń ba fílaṣì àwọn oníbàárà jẹ́.

Irú rẹ̀ ò mọ sí Ifẹ̀. Ní ọdún 2021, Red Canary, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, jábọ̀ pé àwọn kan ń pín ayédèrú KMSPico, ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ kíráàkì tó gbajúmọ̀, tí wọ́n sì fi Cryptbot pamọ́ sínú rẹ̀. Iṣẹ́ Cryptbot ni kó máa jí páásíwọ́ọ̀dù tó wà nínú bíráwsà. Ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn èèyàn ti ń ṣí í-meèlì, tí wọ́n ti ń wo èsì ìdánwò JAMB, ẹ wo ohun tí irú olè bẹ́ẹ̀ lè kó lọ. Ká tiẹ̀ ní kíráàkì náà mọ́ tónítóní, Microsoft fúnra rẹ̀ ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò Office 2010 dúró láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Ihò tí wọ́n bá rí lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa dí i.

Màmá gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ṣé o ò wá lè bá mi wá kíráàkì tó mọ́ ni?"

"Mà, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ẹni tó ṣe é, a ò mọ̀ ọ́n, a ò rí i rí. Ta la fẹ́ bi pé kí ló fi sínú rẹ̀?"

"Èló wá ni ti olówó?"

Mo ṣàlàyé pé oríṣi méjì ló wà. Microsoft 365 ni èyí tí èèyàn ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Bí owó bá dúró, èèyàn á lè ṣí ìwé rẹ̀ kà, ṣùgbọ́n kò ní lè tẹ nǹkan kan sí i mọ́. Èkejì ni èyí tí a ń ra lẹ́ẹ̀kan, bíi Office 2024 tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Láísẹ́ǹsì kan, kọ̀ǹpútà kan ni, àtúnṣe ààbò rẹ̀ yóò sì parí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2029. Fún ṣọ́ọ̀bù tó ń pawó, èyí tí wọ́n ń pè ní Home & Business ló ní àṣẹ òwò lára. Dọ́là ló sì ń darí iye rẹ̀, tó bá gbéra, òun náà á gbéra. Màmá ṣírò rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin sẹ́yìn ìwé kan, wọ́n sì gbé bírò sílẹ̀.

Ìgbà náà ni mo dárúkọ LibreOffice, àkójọ ètò ìwé títẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Office ń ṣe, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ọ̀fẹ́.

"Ọ̀fẹ́? Ta ló ń ṣe é? Kí ni wọ́n wá ń jẹ nídìí ẹ̀?"

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá fún ní nǹkan ọ̀fẹ́ máa bi nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì wà. Ọmọ Jámánì kan, Marco Börries, ló bẹ̀rẹ̀ ètò ìtẹ̀wé kan, StarWriter, ní 1985, tó fi di StarOffice. Ilé-iṣẹ́ Sun ní Amẹ́ríkà rà á ní 1999, wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2000 lórúkọ OpenOffice.org. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Oracle ra Sun ní 2010, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kò fọkàn tán ọ̀gá tuntun yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn wọ́n ya kúrò, wọ́n dá The Document Foundation sílẹ̀, wọ́n sì sọ tiwọn ní LibreOffice. Owó tí àwọn tó ń lò ó bá fi ta wọ́n lọ́rẹ ni àjọ náà fi ń gbéra. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Collabora náà ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà ńlá láti ṣàtúnṣe sí i, àtúnṣe ọ̀hún sì ń kan gbogbo wa. Ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kéde pé àwọn máa gbé kọ̀ǹpútà bí 30,000 kúrò lórí Microsoft Office bọ́ sórí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi OpenOffice gbé. Ó ṣì wà, ọwọ́ àjọ Apache ló wà láti 2011, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lórí rẹ̀ ti falẹ̀ gan-an.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Àmọ́ ìjọba Jámánì ò tẹ próójẹ́ẹ̀tì ọmọ Ifẹ̀. Jẹ́ ká dán an wò."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò nígbàgbọ́ nínú àwọn àtẹ tó máa ń to nǹkan sílẹ̀ pé Word ní eléyìí, LibreOffice kò ní tọ̀hún. Ṣọ́ọ̀bù kan lè má nílò ìdá mẹ́wàá ohun tó wà lórí irú àtẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo bi Màmá ni pé, ìwé tí ẹ ń tẹ̀ níbí, ibo ló ń lọ? Ṣé orí pépà ló ń parí sí, àbí ẹlòmíràn á ṣí fáìlì náà, á fọwọ́ kàn án, á tún dá a padà? Ìbéèrè yìí ló la gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí méjì. A kó àwọn fáìlì tí àwọn oníbàárà gbà pé ká lò jọ, a ṣí wọn nínú LibreOffice lórí kọ̀ǹpútà kan tí mo ti fọ̀ mọ́, a tún ṣí wọn nínú Office 2024 tí mo rà sórí láptọ́ọ̀pù mi. A sọ ti méjèèjì di PDF, irú fáìlì tí ìtò rẹ̀ kì í yí, a sì ń wò wọ́n ní ojú-ewé sí ojú-ewé.

Èyí tó ń parí sórí pépà kò gba àkókò. Lẹ́tà sí káńsù, lẹ́tà ìwáṣẹ́, ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìbéèrè ìdánwò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni: kò sí ìyàtọ̀ tí oníbàárà lè rí. Iṣẹ́ wọ̀nyí sì lé ní ìdajì ohun tó ń wọlé fún ṣọ́ọ̀bù náà. Tíṣà ìṣirò kan ní àwọn ìbéèrè tó ti wà láti ayé Word 2003, tí wọ́n fi Equation Editor àtijọ́ kọ. Microsoft yọ irinṣẹ́ yẹn kúrò nínú Office ní oṣù Kìíní ọdún 2018 nítorí ihò ààbò tó wà lára rẹ̀. LibreOffice ṣí àwọn ìbéèrè náà, ó sì sọ wọ́n di fọ́múlà tí tíṣà lè tún ṣe.

Próójẹ́ẹ̀tì ni ìṣòro wà. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ nílé, súpávísọ̀ á fi àlàyé sí etí rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á tò ó, ó tún di ọ̀dọ̀ súpávísọ̀. Fáìlì kan lè ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń di ìwé. Èyí àkọ́kọ́ tí a ṣí nínú LibreOffice gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Orí Kẹta bọ́ sí ojú-ewé mìíràn, àtẹ àkóónú sì ń pe nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀. Màmá wò mí. "Ṣé o rí i? Ohun ọ̀fẹ́."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣí fáìlì kan náà nínú Office 2010 tó ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà kan tí mi ò tíì fọ̀. Níbẹ̀ náà, ó gùn. Mo yẹ fọ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn ìrísí lẹ́tà rẹ̀, wò: Aptos ni. Láti 2007 ni Calibri ti jẹ́ fọ́ǹtì tí Word fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwé, kí Microsoft tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Aptos rọ́pò rẹ̀ ní 2023. Office tuntun ló ń gbé Aptos wá, kò bá Windows wá. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní in yóò fi fọ́ǹtì mìíràn dípò, ìbú lẹ́tà á yàtọ̀, ìlà á yí, ojú-ewé á sún. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun lo Aptos. Ó kàn ṣí Word tuntun, ó sì ń tẹ̀ lọ. A yí gbogbo rẹ̀ sí Times New Roman, tí wọ́n ti ní kó lò tẹ́lẹ̀, iye ojú-ewé sì bára mu ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tẹnu mọ́ èyí torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti yọ LibreOffice kúrò lórí kọ̀ǹpútà wọn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí fọ́ǹtì ṣẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ni ti fọ́ǹtì ṣá. Àwòrán alápòótí àti ọfà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣàlàyé tíọ́rì wọn, tí wọ́n fi SmartArt, irinṣẹ́ àwòrán inú Word, ṣe, LibreOffice fi hàn dáadáa, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe bí Word ṣe ń ṣe é. Ibẹ̀ ni olówó ti borí gbangba. Àlàyé etí ìwé àti àtúnṣe tí súpávísọ̀ fi àwọ̀ kọ kò sọnù. A dáhùn wọn nínú LibreOffice, Word tó wà lórí láptọ́ọ̀pù mi sì ka ìdáhùn náà. Àmọ́ ẹni tó bá fi Zotero, ètò ọ̀tọ̀ kan tó wà fún ìtọ́kasí, to ìwé ìtọ́kasí rẹ̀, kó ṣọ́ra. Zotero ń bá méjèèjì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fi ìtọ́kasí pamọ́ sínú Word yàtọ̀ sí bó ṣe ń fi í pamọ́ sínú LibreOffice. Bí èèyàn kò bá kọ́kọ́ lo àṣẹ tí Zotero fúnra rẹ̀ ní fún pípààrọ̀, ìtọ́kasí tó ń yí nọ́ńbà ara rẹ̀ padà á di ọ̀rọ̀ lásán.

Ohun tó fẹ́ẹ̀ mú èyí àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin méjèèjì sunkún ni nọ́ńbà ojú-ewé. Próójẹ́ẹ̀tì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i, ii, iii fún ìyàsọ́tọ̀, ìdúpẹ́ àti àṣamọ̀, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ 1 láti Orí Kìíní. Nínú Word, ó ti mọ̀ pé section break, àmì tó ń pín ìwé sí apá-apá, ni òun á fi gé e, òun á sì yọ ìsopọ̀ fútà (ìsàlẹ̀ ojú-ewé) méjèèjì. Ó wá irú rẹ̀ nínú LibreOffice, kò bá a bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Èrò ibẹ̀ yàtọ̀: oríṣi ojú-ewé ni LibreOffice mọ̀, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ, fútà àti ìrísí nọ́ńbà tirẹ̀. Èèyàn á lọ sí Insert, á mú More Breaks, á mú Manual Break, á yan oríṣi ojú-ewé tó kàn, á sì sọ pé kí nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti 1. Lójú tèmi, tó bá ti yé èèyàn, ó mọ́ ju ti Word lọ, torí pé ohun tó ní orúkọ kì í dédé dàrú. Ṣùgbọ́n oníbàárà kì í dúró kí nǹkan yé ẹni tó ń bá a tẹ̀wé. A ṣe ìwé àwòkọ kan, a dá oríṣi ojú-ewé méjì sínú rẹ̀, a pe ọ̀kan ní "Ìṣáájú", a pe èkejì ní "Orí". Láti ìgbà náà, inú àwòkọ yẹn ni wọ́n ń tẹ próójẹ́ẹ̀tì tuntun sí. Mo tún yí ojú LibreOffice sí Tabbed, tó mú àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ jọ ti Word tí wọ́n mọ̀.

Ti èsì ilé-ẹ̀kọ́ kò gba àríyànjiyàn. Onílé-ẹ̀kọ́ kan máa ń gbé fáìlì Excel wá tí ẹnì kan fi makiró, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé fúnra rẹ̀, ṣe: á tẹ bọ́tìnnì kan, káàdì èsì gbogbo kíláàsì á tò jáde. Calc, tó dúró fún Excel nínú LibreOffice, ṣírò gbogbo fọ́múlà rẹ̀ bó ṣe yẹ, XLOOKUP tó ń wá nǹkan nínú àtẹ pàápàá, tó wọ LibreOffice ní ẹ̀dà 24.8 ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, tí Office 2010 wọn kò sì ní rí. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú bọ́tìnnì wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́, díẹ̀ kò dáhùn rárá. Èdè makiró Microsoft yé LibreOffice dé ààyè kan ni. Mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kọ fún ẹni tó fẹ́ gba káàdì èsì lọ́la.

Ìwé Yorùbá wá ń kọ́? Màmá ń tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èdè wa ní Yunifásítì. Èyí ló sún mọ́ ọkàn mi jù nínú gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé owó kò fún ẹnikẹ́ni ní àǹfààní. Unicode, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ní kóòdù kan fún ọ, ó ní òmíràn fún ẹ, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ọ́ tàbí ẹ̀. Àmì ohùn ní láti wá gun orí lẹ́tà náà. Bí àmì bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó fò sókè jù, fọ́ǹtì ni ká pààrọ̀. Charis SIL àti Gentium ń gbé e síbi tó yẹ, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Nínú Word àti LibreOffice, èèyàn lè tẹ 1ECD, kó tẹ Alt àti X pa pọ̀, kó rí ọ. Kó tẹ 0301 lé e, kó tún tẹ Alt àti X, kó rí ọ́. Àwọn méjèèjì ló tún ń ṣe aburú kan náà: bí èdè ìwé bá wà ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á máa sọ i tó dá dúró di lẹ́tà ńlá, tí "rí i" á fi di "rí I", wọ́n á sì fi ìlà pupa fa gbogbo ojú-ewé. A fi máòsì mú ọ̀rọ̀ náà, a yan Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè rẹ̀, ó tán. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Màmá ti fi ń padà lọ tún "I" wọ̀nyẹn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ̀nà náà sára ògiri.

Ohun tí a wá ṣe nìyí. A fọ kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nù, kíráàkì sì bá a lọ. Màmá kó àjọ wọn, wọ́n fi ra Home & Business 2024 kan ṣoṣo, a gbé e sórí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá. Próójẹ́ẹ̀tì tó ní SmartArt, tó ní Zotero láti inú Word, tàbí fáìlì makiró, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. LibreOffice wà lórí àwọn yòókù. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń lo Windows 7, LibreOffice láti ẹ̀dà 25.8 kò sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. A fi ẹ̀dà tó ṣáájú sí i, a yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀, lẹ́tà lásán ni wọ́n ń fi tẹ̀.

A tò ó kí LibreOffice máa fi ìwé pamọ́ sí .docx, irú fáìlì ti Word, láìjẹ́ pé wọ́n yàn án. Èmi fúnra mi fẹ́ràn .odt, irú fáìlì ti LibreOffice fúnra rẹ̀, tí ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, ti fọwọ́ sí láti 2006, ọdún méjì ṣáájú .docx, ṣùgbọ́n oníbàárà á gbé fáìlì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, kò sì yẹ kó pàdé ìṣòro níbẹ̀ nítorí ohun tí èmi fẹ́ràn. Ìwé ti ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí .odt. Òfin kan sì wà tí Màmá kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú: fáìlì tó bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa dì í, PDF ni.

Ẹ̀sùn ṣọ́tíkọ́ọ̀tì dáwọ́ dúró. Súpávísọ̀ kankan kò tíì béèrè ohun tí wọ́n fi tẹ ìwé tó wà níwájú òun. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọbìnrin náà ti mọ LibreOffice dé ibi tó ti ń kọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀bù kejì. Èyí ẹ̀gbọ́n ṣì máa ń sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà olówó bó bá ti ṣí sílẹ̀, mi ò sì bá a wí, ọwọ́ rẹ̀ yá jù níbẹ̀. Èyí tó kù ni Windows: Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, òun ló sì wà lórí mẹ́ta tó kù. Màmá ti dá àjọ mìíràn fún un. Wọ́n ní kí n lọ yẹ èyí tó lè gba Windows 11 nínú wọn wò, kí n sì ṣírò ohun tó máa ná wọn tí a bá gbé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè dípò Windows, sórí èyí tí kò bá lè gbà á.